Ewé ìgbà ìwọ́wé nínú ọgbà ìlú: èwo ni ká kó, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Old Kent Road, London

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọgbà nílùú òyìnbó.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti ń bá àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Àárọ̀ Sátidé la máa ń pàdé. Wọ́n á kó réèkì, fọ́ọ̀kì, bárò àti ìbọ̀wọ́ síta, ẹni tó ń darí wa á pín iṣẹ́, a ó mu tíì láàárín, a ó sì tún padà sẹ́nu ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ara mi yá ju ìgbà tí mo ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ, mo sì ti mọ àwọn aládùúgbò tí a jọ ń gbé òpópónà kan náà láti ọjọ́ pípẹ́ láìkí ara wa.

Iṣẹ́ ìgbà ìwọ́wé yìí ló ń rú mi lójú. Wọ́n ní ká kó gbogbo ewé tó wà lórí koríko, ká má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ sáàárín àwọn òdòdó, wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án. Igi òdòdó tó ti gbẹ, wọ́n ní kó dúró bẹ́ẹ̀ títí òtútù fi máa lọ. Ewé abẹ́ igi horse chestnut ńkọ́? Inú ọ̀rá ọ̀tọ̀ ni, kò gbọdọ̀ kan ìyókù. Ìyókù náà, inú àgò onínẹ́ẹ̀tì ńlá kan lẹ́yìn ilé tí a ń kó irinṣẹ́ sí la ń dà á sí. Ti èṣí ṣì wà níbẹ̀, ó ti dúdú.

Ẹ wò ó, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti tọ́ mi. Kílẹ̀ tó mọ́ ni ìgbálẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá kọjá. Ilé tí wọn ò bá gbá, àwọn èèyàn á máa béèrè bóyá ara onílé ò yá ni. Ní báyìí, tí àwọn ará ìjọ wa bá ń gba inú ọgbà náà kọjá, tí wọ́n rí igi gbígbẹ àti ewé nílẹ̀, tí wọ́n sì rí mi tòun ti réèkì lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ ò tíì dé apá ibí yìí o." Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Ẹni tó ń darí wa máa ń ṣàlàyé o, àmọ́ ó ń sáré sọ ọ́, iṣẹ́ á sì ti gbà wá lọ.

Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ gan-an. Mo tún fẹ́ bi yín nípa ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú ọgbà yẹn, wọ́n ní láìpẹ́ a máa fi koríko gbígbẹ dì í. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, nínú òtútù yìí?

Bàbá Olóko, Camberwell

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi nínú púpọ̀, torí irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí lèmi náà ń ṣe níhìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́. Oko kòkó bàbá mi, lẹ́bàá Oǹdó, ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ ohun tí ewé wà fún.

Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ kúrò ná. Iṣẹ́ ìgbà ìwọ́wé kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá. Ewé kì í yan ibi tó máa bọ́ sí. Iṣẹ́ tiwa ni láti gbé e kúrò níbi tó ti lè ba nǹkan jẹ́, ká sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Tí ẹ bá fi ojú yìí wò ó, gbogbo òfin tí wọ́n ń kà fún yín á dọ́gba.

Orí koríko ló ti ń ṣèpalára jù. Láti Oṣù Kọkànlá lọ, oòrùn London kì í gòkè, ìmọ́lẹ̀ tó wà kò tó nǹkan. Tí ewé igi London plane bá wá tẹ́ sórí koríko, ewé tó nípọn, tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí òjò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, koríko abẹ́ rẹ̀ á funfun, á sì kú. Ojú ọ̀nà, ẹ mọ ìyẹn: ewé tútù ń yọ̀, àgbàlagbà á ṣubú. Inú adágún omi, yóò jẹrà, yóò gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí la ti ń kó o kíákíá.

Àmọ́ ìdí òdòdó àti abẹ́ igi, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ta ni ẹ rí tó ń gbálẹ̀ abẹ́ kòkó? Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo ilẹ̀ oko tó kù ti sán, tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ya ewé abẹ́ kòkó sọ́tọ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù, ekòló ṣì wà níbẹ̀. Ewé tí igi wọ́ lu ilẹ̀ ló tún ń bọ́ igi náà. Níhìn-ín, kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀ ni ewé ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, òjò ni. Òjò ìgbà òtútù lè má dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá ń rọ̀ sórí ilẹ̀ ìhòòhò, á gún un pọ̀, á sì fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. Ewé gba agbára òjò náà dúró. Ekòló á máa fà á wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń ṣe ni pé tí ewé bá bo òdòdó kúkúrú kan mọ́lẹ̀ pátápátá, mo máa ń fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má baà jẹrà mọ́ ọn lórí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àgò onínẹ́ẹ̀tì yẹn, torí òun ni ọkàn iṣẹ́ yìí lójú tèmi. Ewé tí ẹ ń dà síbẹ̀ kì í gbóná bí ààtàn tí a ń da èèpo iṣu àti ìdọ̀tí ilé ìdáná sí. Èbu àti olú ló ń jẹ ẹ́, wọn kì í sì í kánjú. Ọdún kan, ó ti tó láti tẹ́ sídìí òdòdó, ní ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kò kàn gbọdọ̀ fara kan igi òdòdó náà. Ọdún méjì, yóò ti di ilẹ̀dú, ẹ lè fi ajọ̀ kù ú bí ẹni ń ku èlùbọ́, kí ẹ sì gbin irúgbìn sínú rẹ̀. Ewé igi oak àti ti igi beech ń yá jẹrà. Ti plane àti ti sycamore ń pẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń wa ẹ̀rọ ìgékoríko gorí rẹ̀ kí wọ́n tó kó o, kó lè wẹ́. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí ni omi. Ewé gbígbẹ kò lè jẹrà. Tí ẹ bá rí i pé àárín àgò náà ṣì gbẹ, ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Ilẹ̀ wa ni. Ẹ wo Burgess Park tó wà lẹ́bàá yín. Igbó kọ́ ni wọ́n sọ di ọgbà níbẹ̀. Ilé, ilé iṣẹ́ àti odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, Grand Surrey Canal, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú ètò tí wọ́n ṣe lọ́dún 1943, nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ti wó ọ̀pọ̀ ilé ní London, ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ọgbà wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń wó ilé, tí wọ́n ń dí odò náà, títí ó fi di ọgbà tí a mọ̀ lónìí. Orí àwókù ni wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn ki fọ́ọ̀kì bọlẹ̀ ni, bíríkì lẹ máa bá. Ilẹ̀ yẹn kò ní ọ̀rá tirẹ̀, àfi èyí tí a bá fi fún un. Tí a bá wá kó gbogbo ewé sínú àpò, tí ọkọ̀ wá gbé e lọ, oúnjẹ rẹ̀ la gbé lọ yẹn.

Ti horse chestnut yàtọ̀, kòkòrò ló fà á. Àfòpiná kékeré kan wà tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú ewé igi yẹn, tó ń jẹ ẹ́ láti inú. Ìdí nìyẹn tí ewé rẹ̀ fi ń di pípọ́n láti Oṣù Keje, nígbà tí igi yòókù ṣì tutù minimini. Ọdún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Britain, ní Wimbledon níhìn-ín. Inú ewé tó bọ́ sílẹ̀ ló ti ń sùn di ìgbà ìrúwé, tí ilẹ̀ bá sì ti móoru, á fò jáde, á padà sórí igi. Tí ẹ bá dà á mọ́ ìyókù nínú àgò, àfòpiná tọdún tó ń bọ̀ lẹ ń sìn yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń fi ooru gbígbóná sọ ìdọ̀tí ọgbà di ajílẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ, ooru yẹn ló ń pa á. Ewé abẹ́ òdòdó rose náà, tí ẹ bá rí àmì dúdú lára rẹ̀, ẹ kó o kúrò, torí àrùn yẹn ń lo ìgbà òtútù nínú ewé tó bọ́ sílẹ̀.

Igi òdòdó gbígbẹ ńkọ́? Ihò wà nínú rẹ̀. Kòkòrò pupa kékeré alámì dúdú, èyí tó ń bá wa jẹ àwọn kòkòrò tó ń mu omi ewé, inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ló ti ń fara pamọ́ fún òtútù. Èso orí rẹ̀ ni àwọn ẹyẹ ń ṣà jẹ nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn. Ìparí Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta la máa ń gé e.

Nítorí náà, tí àwọn ará ìjọ bá tún bi yín, ẹ mú wọn lọ sẹ́yìn, sídìí àgò ti èṣí yẹn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún wọn kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Òórùn igbó ẹ̀yìn òjò ni. Ẹni tó bá dàgbà sóko kò ní bi yín léèrè mọ́.

Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jáde díẹ̀.

Àbúrò yín ní Leeds

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ọgbà ni mo fi ń jẹun, mo sì fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ, àyàfi ibì kan tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n yà sí.

Ẹnu ọ̀nà ọgbà àti etí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà, èmi máa ń gé igi gbígbẹ ibẹ̀. Ọgbà ìlú kì í ṣe oko ẹnì kan. Owó ìlú ni, ojú ìlú ló sì wà lára rẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá rò pé wọ́n ti pa ibì kan tì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdọ̀tí síbẹ̀, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń fi nǹkan bíi mítà kan gé etí ọ̀nà mọ́ tónítóní, kí ó hàn gbangba pé ẹnì kan ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni mo ń fi sílẹ̀ fún kòkòrò àti ẹyẹ. Èyí tí mo bá gé, mi ò kì í dà á nù. Mo máa ń dì í, mo sì ń fi í lélẹ̀ lẹ́yìn igi ńlá kan.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dábàá pé ká dáná sun ewé o. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ń ṣe nílé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èéfín á ti gba àdúgbò. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ajílẹ̀ yín lẹ ń sun. Èkejì ni pé ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kékeré tí wọ́n ń pè ní hedgehog máa ń wọ inú òkìtì ewé lọ sùn, láti nǹkan bí Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta. Láàárín gbùngbùn London, Regent's Park ṣì ní wọn. Ibi tí ewé bá ti wà ní òkìtì tipẹ́, ẹ má kàn ki fọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi rọra ṣí i.

Ìyá Ìbejì, Old Kent Road, London

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Àbúrò mi ní Leeds, o ṣeun, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ etí ọ̀nà yẹn, màá gbé e síwájú ẹni tó ń darí wa, torí ó bọ́gbọ́n mu.

Ohun tí mo ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò àrùn yẹn ń gbé, ẹ̀gún rose lásán sì tó láti gbé e wọ ara. Ní Britain, abẹ́rẹ́ márùn-ún ni wọ́n kà sí pé ó pé, láti kékeré. Ọ̀pọ̀ àwa tí a dàgbà nílé kò mọ iye tí a gbà, ìwé rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ bá dókítà yín, wọ́n á ṣètò rẹ̀. Ẹ má bọ́ ìbọ̀wọ́ nítorí pé ó ń dí yín lọ́wọ́. Tí a bá fẹ́ gbé ewé tútù, ó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ, orúnkún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Bàbá, mo ṣì ń dúró de ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin náà fẹ́ bá mi lọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ǹjẹ́ iṣẹ́ wà tí irú rẹ̀ lè ṣe?

Bàbá Olóko, Camberwell

Mo ti dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, Musa basjoo ni yóò jẹ́, òun ni wọ́n sábà ń gbìn síta níhìn-ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Japan ni wọ́n ń pè é, àmọ́ gúúsù China ló ti wá. Èso rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ. Nítorí ewé rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbìn ín. Gbòǹgbò rẹ̀ lè fara da òtútù tí a bá bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Ìtì rẹ̀ ni kò lè fara dà á. Ẹ̀yin náà mọ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe igi, omi ló kún inú rẹ̀. Tí omi náà bá dì, ìtì á bẹ́, á sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ẹ óò dúró kí ìrì dídì àkọ́kọ́ sọ ewé rẹ̀ di dúdú, ẹ óò gé ewé náà kúrò, ẹ óò fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí ìtì ká, ẹ óò ki koríko gbígbẹ sáàárín títí yóò fi kún. Ẹ wá nǹkan de orí rẹ̀, torí tí òjò bá ń wọ inú koríko yẹn, á jẹrà mọ́ ọn lára. Ìgbà tí ìrì dídì bá ti lọ pátápátá ni wọ́n ń tú u. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n di ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílẹ̀ yìí, inú mi dùn débi pé mo fi fóònù pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé láti sọ fún wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ rin Burgess Park yẹn náà dé Chumleigh Gardens. Ilé àwọn aláìní ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní ọdún 1821, lónìí ọgbà tí wọ́n ṣe ní àṣà oríṣiríṣi ilẹ̀ ayé ló yí i ká, ti Áfíríkà àti Kàríbíánì wà lára wọn. Ẹ mú ọmọ náà dání.

Ní ti ọmọ náà, túlípù ni kó wá bá yín gbìn, òdòdó tí ohun tí a ń gbìn rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà. Oṣù Kọkànlá ni àsìkò rẹ̀ gan-an, torí ilẹ̀ tútù kì í jẹ́ kí àrùn tó ń jó ewé rẹ̀ ráyè. Dáfódìlì, òdòdó mìíràn tí a ń gbìn bẹ́ẹ̀, ti yẹ kó ti wọlẹ̀ ṣáájú, láti Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ kọ́ ọ kó wo èyí tó ṣóńṣó lára túlípù náà, òkè nìyẹn ń kọjú sí. Kó gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ńtímítà 15, kó má fi wọ́n kan ara wọn. Òdòdó yìí gbọ́dọ̀ jẹ òtútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lè yọ, ìdí nìyẹn tí kò fi lè yọ ní Ìjẹ̀bú-Òde bó ti wù ká tọ́jú rẹ̀ tó. Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń hú u o. Tí wọ́n bá ní nẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́ kù láti ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ náà títí ewé yóò fi hù.

Ẹ má jẹ́ kí òun tàbí ẹnikẹ́ni dúró sórí ilẹ̀ tútù láàárín òdòdó. Ẹ béèrè pákó, kí ẹ máa dúró lé e, torí ẹsẹ̀ ń gún ilẹ̀ pọ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn kan tó fi í hàn. Lóru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 Oṣù Kẹwàá ọdún 1987, ìjì líle kan jà ní gúúsù Ẹ́ńgílándì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 igi ló wó. Ní Kew nìkan, ọgbà ńlá tí oríṣiríṣi igi wà ní London, nǹkan bí 700 ni. Igi oak àgbà kan wà ní Kew tí wọ́n ń pè ní Turner's Oak. Ìjì yẹn gbé e sókè tòun ti gbòǹgbò, ó sì tún gbé e padà sínú ihò rẹ̀. Wọ́n fi igi gbé e ró, wọ́n rò pé yóò kú ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ń rúwé ju bó ṣe wà kí ìjì tó jà lọ. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá wo igi náà ló ti gún ilẹ̀ ìdí rẹ̀ pọ̀ láti ọdún pípẹ́, gbòǹgbò kò rí afẹ́fẹ́ mí. Ìjì ló tú ilẹ̀ náà fún un. Láti ìgbà náà ni àwọn olùtọ́jú igi ti ń wá ọ̀nà láti máa tú ilẹ̀ ìdí àwọn igi àgbà. Ohun tí ẹsẹ̀ wa lè ṣe sí ilẹ̀ láìmọ̀ pọ̀.

Àbúrò mi ní Leeds, mo gbà fún ẹ lórí ọ̀rọ̀ etí ọ̀nà. Mítà kan yẹn kò pọ̀ jù.

Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ẹ bẹ ẹni tó ń darí yín pé kó jẹ́ kí ẹ bu bárò méjì nínú ewé dúdú ti èṣí yẹn, kí ẹ fi bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ yíká. Òun ló máa pa gbòǹgbò mọ́. Àyè á sì ṣí sílẹ̀ nínú àgò fún èyí tí ẹ máa kó ní Sátidé.